Agbaṣẹ́ṣe gbé iṣu àti àpòòwé wá sílé mi: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni olórí ẹ̀ka tó ń ra ọjà ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Adó-Èkìtì, díákónẹ́ẹ̀sì sì ni mí ní ìjọ wa. Bàbá kan tó ń kó bébà àti bírò wá fún wa gbé ogún iṣu àti àpòòwé owó wá sílé mi. Mi ò sí nílé, àwọn ọmọ ló gbà á. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Bí mo bá dá a padà, wọ́n á ní mo ń gbéra ga. Bí mo bá gbà á, ọkàn mi ò ní balẹ̀. Àwọn tó wà lábẹ́ mi ti gbọ́, wọ́n sì ń retí ìpín tiwọn, torí ohun tí ọ̀gá tó ṣáájú mi máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, mà. Ti àpòòwé ò ní àríyànjiyàn nínú: ẹ dá a padà kíákíá. Bí ẹ ò bá tíì ṣí i, ẹ má ṣí i. Ẹ má fi rán awakọ̀. Ẹ mú ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán dání, kó lè jẹ́rìí pé owó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Iṣu ló ṣòro. Èkìtì ni wá. Ẹni tó gbé iṣu wá fúnni, ọ̀wọ̀ ló gbé wá. Òfin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àfikún Karùn-ún ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gba òṣìṣẹ́ ìjọba láàyè láti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́, níwọ̀n tí àṣà bá fàyè gbà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló ti sọ pé ẹ̀bùn tó bá ti ọwọ́ ẹni tó ń gba iṣẹ́ ìjọba ṣe wá, a ó kà á sí ohun tó lòdì sófin, àfi bí ẹni tó gbà á bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé bàbá yìí ti gbé iṣu wá fún yín rí kí ẹ tó dé orí àga yìí? Bí wọ́n bá gbé yín lọ sí ẹ̀ka mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé bàbá á tún gbé e wá? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àga yẹn ni wọ́n gbé iṣu fún. Bí ẹnu bá sì jẹ, ojú á tì.

Ẹ lọ bá wọn nílé, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ ní: “Bàbá, ẹ ṣé, mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi gbé e wá. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń fọwọ́ sí ìwé yín. Bí mo bá jẹ iṣu yìí, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá tọ́ sí yín, kò sẹ́ni tó máa gbà pé ó tọ́ sí yín.” Orúkọ tiwọn náà lẹ ń dáàbò bò.

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ máa ń ní, “Ọlọ́run mọ ọkàn mi.” Pọ́ọ̀lù ò fi mọ síbẹ̀. Nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 8, nígbà tó ń kó owó ìrànlọ́wọ́ jọ fún àwọn ẹni mímọ́, ó jẹ́ kí Títù àti àwọn arákùnrin mìíràn bá owó náà rìn, ọ̀kan lára wọn sì jẹ́ ẹni tí àwọn ìjọ yàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ó ní àwọn ń ro ohun tó dára níwájú Olúwa àti níwájú ènìyàn. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé ṣókí sí ọ̀gá yín: ohun tó wá, ọjọ́ tó wá, ọjọ́ tó padà, ẹni tó jẹ́rìí. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún wo ohun tó ń bí àpòòwé. Agbaṣẹ́ṣe á kó ọjà wá, ìwé owó rẹ̀ á sùn sórí tábìlì ẹnì kan fún oṣù mélòó kan, títí á fi yé e pé ó yẹ kóun “rí” ẹnì kan. Ọ̀gá tí ìwé ń sùn lórí tábìlì rẹ̀ ti ń tọrọ, bí ò tiẹ̀ lanu. Jákọ́bù orí 5 ní owó iṣẹ́ tí a dá dúró ń ké. Ẹ kọ àwọn ìwé tó wà nílẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n dé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹni tó bá wọlé mọ ibi tí tirẹ̀ dé láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lábẹ́ yín ló ká mi lára jù. Ọwọ́ Sámúẹ́lì mọ́ débi pé nígbà tó darúgbó, ó ní kí ẹni tí òun gba màlúù rẹ̀, tàbí tí òun gba rìbá lọ́wọ́ rẹ̀, jáde wá. Kò sẹ́ni tó jáde. Síbẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ tó fi jẹ onídàájọ́ ń gba rìbá, ó sì wà lára ohun tí àwọn àgbààgbà Ísírẹ́lì dì mú tí wọ́n fi ní ọba làwọn ń fẹ́. Ọwọ́ tiyín lè mọ́, kí akọ̀wé yín máa gba ẹgbẹ̀rún kan lẹ́nu ọ̀nà kó tó gbé fáìlì wọlé. Ẹ pè wọ́n jọ, ẹ sọ fún wọn pé iṣu ti padà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ di ìwàásù: ẹni tó ń gbálẹ̀ tó fojú sí ìpín yẹn ní ọmọ tó ń bọ́. Ẹ wádìí ohun tó tọ́ sí wọn tí wọn ò rí gbà, bí owó ọkọ̀ tí wọ́n ti ná lápò ara wọn tàbí ìgbéga tí ìwé rẹ̀ há síbì kan, kí ẹ bá wọn tẹ̀ lé e títí yóò fi bọ́ sí i.

Nígbà tí iṣẹ́ mìíràn bá sì dé, ẹ má torí iṣu yìí yọ bàbá náà kúrò. Ẹ ṣí ìwé iye owó gbogbo àwọn tó ń du iṣẹ́ náà lójú ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Bí ti bàbá bá dára jù, ẹ gbé e fún wọn.