Rédíò ń ta pàrà-pàrà, ṣé gamma ray ló ń gbé ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Aláró ni mí ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, Òṣogbo níbí. Tí mo bá ti sá àdìrẹ síta, mo máa ń tan rédíò AM mi sílẹ̀, torí tó bá ti ń ta pàrà-pàrà báyìí mo ti mọ̀ pé òjò ò jìnnà, màá yára kó aṣọ wọlé. Àbígbẹ̀yìn mi wá ní òun kà á pé mànàmáná máa ń tú gamma ray jáde, ìtànṣán alágbára tí ojú ò lè rí, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ nílé ìwòsàn. Ṣé òun ni rédíò mi ń gbé ni? Ṣé kò ní ṣe wá ní jàǹbá báyìí? Ìyá Aláró.

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ aró. Ọmọ yín ò parọ́ rárá. Nínú ìkùukùu òjò, yìnyín wẹ́wẹ́ ń kọlu ara wọn, iná á wá kóra jọ síbẹ̀. Níbi tí agbára iná yẹn bá ti le gan-an, àwọn ẹ̀léktírọ̀n kan, ìyẹn èérún tíntìntín tó ń gbé iná nínú átọ́ọ̀mù, á sáré débi pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, wọ́n á máa gbá àwọn mìíràn jáde lára afẹ́fẹ́, ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí wọ́n á fi di àìmọye, bí wọ́n sì ṣe ń já lu átọ́ọ̀mù inú afẹ́fẹ́ ni gamma ray ń jáde. Kì í sábà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá tó fi ń tán.

C.T.R. Wilson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Scotland, ti sọ láti 1925 pé ìkùukùu àrá lè lé ẹ̀léktírọ̀n sáré báyẹn. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n gbé sátẹ́láìtì Compton lọ sókè ní 1991 ni wọ́n tó rí gamma ray ọ̀hún. Ohun tó wà lọ́nà jíjìn lójú ọ̀run ni wọ́n ní kó máa ṣọ́, ló bá di pé gamma ray ń ti ìsàlẹ̀, láti ayé wa níbí, wá bá a. 1994 ni wọ́n kéde ẹ̀.

Ibi tí rédíò ti wọ̀ ọ́ ló dùn mọ́ mi jù. Sátẹ́láìtì á rí gamma ray o, àmọ́ kò rọrùn fún un láti mọ ìkùukùu tó ti wá gan-an. Mànàmáná ní tiẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ti kọ ló ń rán ìgbì rédíò jáde, èyí tó lè rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Àwọn onímọ̀ wá gbé ẹ̀rọ rédíò sí oríṣiríṣi ibi láyé, wọ́n ń fi àkókò tí ìgbì dé ibì kọ̀ọ̀kan ṣírò ibi tí mànàmáná ti kọ. Ní December 14, 2009, sátẹ́láìtì Fermi, tí òun náà ń ṣọ́ gamma ray, wà lókè Íjíbítì, àmọ́ Zambia ni òjò tó fa nǹkan tó rí wà, 4,500 kìlómítà síbẹ̀! Gamma ray ò lè yí po ayé débẹ̀, ẹ̀léktírọ̀n àti òdìkejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní positron ló tọ ipa òòfà ilẹ̀ ayé lọ bá a. Nígbà tó di 2013, wọ́n tún fi hàn pé àwọn ẹ̀léktírọ̀n tó ń sáré yìí fúnra wọn máa ń dá ìgbì rédíò tiwọn sílẹ̀.

Torí náà, rédíò yín ò lè gbé gamma ray, ìgbì rédíò mànàmáná ló ń gbé, ọ̀pọ̀ mànàmáná ni ò sì mú gamma ray tí sátẹ́láìtì lè rí wá. Ẹ má fòyà gamma ray. Nǹkan bíi kìlómítà 10 sí 15 lókè ni ọ̀pọ̀ àwọn tí sátẹ́láìtì ń rí ti ń wáyé, òkè náà ni wọ́n ń forí lé, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn àti wa sì nípọn gan-an.

Àrá gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Rédíò lè gbé mànàmáná ibi tó jìnnà tí òjò ẹ̀ ò ní dé Òṣogbo rárá, àmọ́ tí pàrà-pàrà yẹn bá ń le sí i tó sì ń yára tẹ̀ léra, ẹ má dúró mọ́. Tó bá jẹ́ wáyà lẹ fi ń sá aṣọ, iná àrá lè gba orí ẹ̀ wá bá yín. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ àrá pẹ́nrẹ́n, ẹ fi aṣọ tó kù sílẹ̀ kẹ́ ẹ wọlé, ẹ má sì jáde àfi tó bá ti pé 30 ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Rédíò yẹn náà, bátìrì ni kẹ́ ẹ máa fi lò ó, ẹ má kì í bọ iná ògiri lásìkò òjò.