Ẹ má tíì sanwó gbọ̀ngàn

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé tiyín sílẹ̀ n'Ìbàdàn, tí ẹ ń bi wá bóyá owó ọwọ́ yín tó gba gbọ̀ngàn, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì sanwó gbọ̀ngàn kankan. Ojú mi ti rí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, eré tuntun àti eré ilẹ̀ òkèèrè là ń ṣe. Ìwé eré gan-an ló gbé wa ṣubú.

Eré Gíríìkì kan la kọ́kọ́ mú. Mo ní ẹni tó kọ ọ́ ti kú láti ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ó lé, ta ló tún máa bi wá ní nǹkan? A sanwó gbọ̀ngàn sílẹ̀, a lẹ ìwé ìpolówó káàkiri, a rán àdìrẹ fún elégbè mọ́kànlá. Ó ku ọjọ́ 19 ni ímeèlì kan wọlé: òǹkọ̀wé ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó tú u sí Òyìnbó tí à ń lò ṣì wà láyé, ó sì ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wa lápapọ̀ kò lè san ìlàjì iye tí wọ́n ní ká mú wá. A pa eré tì. Àwọn onígbọ̀ngàn ò dá kọ́bọ̀ padà. Mo ṣì ń rántí èyí tó kéré jù nínú àwọn elégbè, bó ṣe ká àdìrẹ tirẹ̀ sórí itan, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án títí, tí kò sọ nǹkan kan.

Òfin kọpiráìtì ilẹ̀ wa ti ọdún 2022 ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ń bẹ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Olùtumọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ kọ̀wé gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ẹ̀tọ́ náà kí ẹ tó yan òṣèré. Ẹ sọ iye ìjókòó, iye alẹ́ tí ẹ máa ṣe é, àti iye tí ẹ máa ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé náírà lẹ ń pa. Nígbà tó yá, a rí àwọn tó dín owó ẹ̀tọ́ wọn kù fún wa.

Bó bá sì jẹ́ pé òkú ọjọ́ pípẹ́ ló kọ ọ́, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ gan-an kó tú u sí Yorùbá fún yín. Ẹ̀ka Classics, ti ẹ̀kọ́ nípa Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́, wà ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI) níbí, wọ́n ń kọ́ni ní Gíríìkì. Àwọn àgbà tilẹ̀ gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wálé pátápátá: Ọlá Rótìmí gbé Oedipus, ọba inú eré Gíríìkì, wá sílẹ̀ Yorùbá ní 1968, Dàpọ̀ Adélugbà sì sọ ìránṣẹ́ alárékérekè inú eré Molière, òǹkọ̀wé eré ará Faransé, di Súbérù.

Ní ti eré tuntun, ẹ kà á sókè létí ẹni tí kì í ṣe ará tíátà. Ní àgbàlá tí à ń lò l'Ókè-Àdó, màmá kan máa ń pọ́n ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn ọmọ wa ń ka ibi tí bàbá ti ń kú lọ, tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ni màmá bá bú sẹ́rìn-ín. Inú bí òǹkọ̀wé wa. Mo lọ kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" Wọn ò gbójú kúrò lára ewé ọwọ́ wọn. "Ọmọ mi, ẹni tó ń kú lọ ò ráyè ṣàlàyé báyẹn. 'Ṣé o ti jẹun?' ló máa bi ọmọ ẹ̀."

A yọ ojú ìwé méjì, a fi ìbéèrè yẹn rọ́pò wọn. Lálẹ́ tí a ṣe é ní Cultural Centre, Mọ́kọ́lá, nígbà tí bàbá bi ọmọ bóyá ó ti jẹun, gbogbo èrò pa lọ́lọ́. Ìró jẹnẹrétọ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ láti ìta.

Nígbà tí ìwé eré yín bá ti débẹ̀, ẹ lè wá gbọ̀ngàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú, ohun tí wọ́n máa ṣe sí àsansílẹ̀ bí eré bá yẹ̀. Kí ẹ ya owó epo sọ́tọ̀, tòru méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ ṣe é.