REDO location ni kí ẹ wò, kì í ṣe checkpoint location

Ọ̀gá mi, ẹ dákun, ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́ nínú pg_wal, àpò tí PostgreSQL (ètò tó ń tọ́jú dátà yín) ń kó WAL sí, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà tó ń bá dátà. Ẹ ní dísìkì kún, PostgreSQL dákú, irinṣẹ́ pg_controldata wá fi nọ́ńbà méjì tó ń tọ́ka sí ibì kan nínú WAL hàn yín: checkpoint location wà ní 2/5A3F10C8, REDO location wà ní 2/51000028. Ẹ fẹ́ kó gbogbo fáìlì tó ṣáájú 5A dànù (àmì méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn 2/ ló ń sọ fáìlì tó jẹ́). Ohun tí èmi náà ṣe gan-an nìyẹn, iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ló bá a lọ.

Bí checkpoint bá bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ sàmì síbi tí WAL dé lásìkò yẹn. Àmì yẹn ni REDO. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó máa rọra kó àwọn ojú ewé tó ti yí padà láti inú mẹ́mọ́rì sórí dísìkì. Kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró o: bó ṣe ń kó wọn lọ ni àwọn èèyàn ń kọ nǹkan tuntun, tí WAL ń gùn sí i. Ìgbà tó bá parí ló máa kọ àkọsílẹ̀ checkpoint fúnra rẹ̀, WAL á sì ti rìn jìnnà. Nítorí náà, bí sáfà yín bá ń jí, á ka àkọsílẹ̀ tó wà ní 5A, ìyẹn á ní kó padà sí 51. Fáìlì 10 nìyẹn, 16MB ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti 000000010000000200000051. Kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan tó sọnù níbẹ̀.

Ẹ má sì bẹ̀rù pé á ṣe ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní LSN tirẹ̀ lórí, ìyẹn nọ́ńbà ibi tó bá WAL dé. Bó bá ti kọjá ti àkọsílẹ̀, sáfà á fò ó (àyàfi bí àkọsílẹ̀ náà bá gbé odindi ojú ewé dání, ìyẹn á kàn rọ́pò rẹ̀).

Lóru ọjọ́ témi, sáfà kọ̀ kò jí. Ẹnì kan ní kí n lo pg_resetwal, irinṣẹ́ tó ń pa WAL àtijọ́ tì kí sáfà lè jí. Lóòótọ́, á jí, ṣùgbọ́n tábìlì àti index (atọ́ka tí wọ́n fi ń wá nǹkan nínú tábìlì) lè má bára wọn mu mọ́. Mo padà sórí backup alẹ́ àná. Gbogbo ohun tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ti lọ, torí inú àwọn fáìlì tí mo pa rẹ́ nìkan ni wọ́n kù sí.

Ẹ fi àyè kún dísìkì, kí ẹ jẹ́ kó jí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo pg_replication_slots, ibi tí ẹ ti máa rí àwọn slot: slot ló ń ní kí sáfà tọ́jú WAL de replica, ìyẹn sáfà tó jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀. Slot kan tí replica rẹ̀ ti kú ló kó fáìlì jọ fún mi, restart_lsn rẹ̀ (ibi tí WAL tó ń dì mú ti bẹ̀rẹ̀) dúró sójú kan. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yọ slot náà, kí ẹ pàṣẹ CHECKPOINT. PostgreSQL á kó èyí tí kò nílò mọ́ kúrò fúnra rẹ̀.