Wọ́n ti yọ owó ibodè, kí ló wá ń dá ẹ̀wà wa dúró?

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀wà, ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ ni mò ń tà ní Bódìjà. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní London ní kí n máa kó o ránṣẹ́, òun á máa bá mi tà á fáwọn ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa níbẹ̀. Bọ̀dá kan wá sọ nínú ẹgbẹ́ wa pé ìjọba ìlú Ọba ti yọ owó ibodè kúrò lórí ọjà Nàìjíríà, pé ẹni tó bá ti ní ìwé-ẹ̀rí DCTS, wẹ́rẹ́ lẹrù rẹ̀ á máa wọlé. ₦350,000 ló ń gbà láti bá èèyàn ṣe é. Ó ní bí ìlú Ọba bá tilẹ̀ ní wàhálà, òun lè gba Kutọnu kó o lọ sí Jámánì. Ṣé kí n san án?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ má san án.

Bí ẹ bá sì ti san díẹ̀ níbẹ̀, Ìyá Ìbejì, ẹ tètè lọ gba owó yín kó tó di pé fóònù ọkùnrin náà kò lọ mọ́. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, orúkọ ìwé tí wọ́n ń tà nìkan ló ń yí padà. Nígbà kan AGOA ni, ètò Amẹ́ríkà fún ọjà ilẹ̀ Áfíríkà, ó kan DCTS báyìí, ẹlòmíì ti ń múra láti máa ta "ìwé AfCFTA", ìyẹn àdéhùn ìṣòwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà.

Ètò DCTS fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ìlú Ọba ló gbé e kalẹ̀ fáwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn ṣì ń gòkè bọ̀, oṣù Kẹfà ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀, orílẹ̀-èdè 65 ló sì wà nínú rẹ̀. Ìpele kejì ni Nàìjíríà wà: owó ibodè ti di òdo lórí ohun tó lé ní ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún irú ọjà tó wà nínú ìwé wọn. Benin àti Togo wà ní ìpele tó dára jù, ti àwọn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà mọ́ àwọn aláìní jù lọ, gbogbo ọjà wọn ló ń wọlé láìsan owó ibodè àyàfi ohun ìjà ogun. Èrò yìí ti pẹ́ láyé. Láti 1964 tí wọ́n ti dá UNCTAD, àjọ ìṣòwò àti ìdàgbàsókè lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sílẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè tiwa ti ń sọ pé kàkà kí ẹ máa fún wa lówó, ẹ jẹ́ ká rí ọjà wa tà fún yín.

Àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń gba ẹrù wọlé ní London ló ń san owó ibodè, kì í ṣe ẹni tó kó o kúrò ní Apápá. Òun náà ló máa sọ fún àwọn aṣọ́bodè pé òun fẹ́ lo àǹfààní DCTS. Ohun tí wọ́n fẹ́ láti ọ̀dọ̀ yín kò ju ẹ̀rí pé Nàìjíríà lọjà náà ti wá, gbólóhùn ìkéde tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sórí ìnífóìsì sì lè ṣe é. Bí gbólóhùn náà ṣe gbọ́dọ̀ rí, kí àbúrò yín béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ agẹ́ńtì tó máa bá a gbẹ́rù jáde. Kò sí ọ́fíìsì kankan tó ń ta ìwé-ẹ̀rí yìí fún ìyá ọlọ́jà ní Bódìjà.

Ìyẹn tilẹ̀ kéré. Ohun tó ń bí mi nínú ni èrò tó fara pamọ́ sídìí ìbéèrè yín, tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kàwé, títí kan àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò: pé owó ibodè ló ń dá ọjà wa dúró, pé bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀wà. Ní gbogbo Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òdo ni owó ibodè orí ẹ̀wà gbígbẹ. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàánú Nàìjíríà o, bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo ayé, ẹni yòówù tó bá gbé e dé. Síbẹ̀, láti oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni wọ́n ti ní kí ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà má wọ ilẹ̀ àwọn mọ́. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tó di 2016, wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un. Ní 2019, wọ́n tún fi kún un. Owó ibodè òdo, ẹ̀wà òdo. Jámánì tí bọ̀dá yín fẹ́ kó o lọ yẹn ńkọ́? Inú Ìṣọ̀kan Yúróòpù kan náà ló wà.

Oògùn kòkòrò ló fà á. Dichlorvos lorúkọ rẹ̀, àwọn ọlọ́jà mọ̀ ọ́n sí Sniper. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣítọ́ọ̀: wọ́n á da ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n á rọ oògùn sínú ìdérí ìgò, wọ́n á wọ́n ọn ká, wọ́n á fi ṣọ́bìrì yí i, wọ́n á kó o padà sápò. Àwọn mìíràn á rẹ àkísà sínú rẹ̀, wọ́n á kì í bọ àárín àpò. Kòkòrò á kú lóòótọ́. Ẹ̀wà á dán, kò ní lu, oníbàárà á yìn ín.

Ohun tí Yúróòpù fàyè gbà kó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀wà kò ju mílígíráàmù 0.01 nínú kìlógíráàmù kan lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Nínú àpò ọgọ́rùn-ún kìlógíráàmù, látòkè dénú ìdí àpò, gbogbo oògùn tó lè wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù kan ṣoṣo. Ẹ̀kán kan tó já bọ́ láti ẹnu ìgò yẹn tó nǹkan bí àádọ́ta mílígíráàmù. Bí kò bá gbẹ sínú afẹ́fẹ́, ẹ̀kán kan péré ti tó àádọ́ta àpò í bà jẹ́, àwọn èèyàn wa kì í sì í fi ẹ̀kán wọn tiwọn. Nínú àwọn ẹ̀wà tí wọ́n dá padà, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó ga tó 4.6. Ìlọ́po 460 nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ: ìlara ni, ọgbọ́n àtilé wa lọ́jà ni. Mi ò ní sọ pé òyìnbó kì í ṣe irú ẹ̀. 0.01 yẹn le, èmi náà gbà. Àdéhùn Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, WTO, èyí tí Ngozi Okonjo-Iweala ń darí láti 2021, fàyè gba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti gbé òfin ìlera tirẹ̀ kalẹ̀ bó bá ti ní ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́, ẹni tí ilé àyẹ̀wò rẹ̀ pọ̀ ló sì sábà máa ń borí nínú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 4.6? Ẹ má fi ìlara bò ó mọ́lẹ̀. Irú ẹ̀wà yẹn lẹ̀yin àtèmi ń fi se ọ̀lẹ̀lẹ̀ fọ́mọ jẹ.

Ẹ̀gúsí náà ní tirẹ̀. Aflatoxin ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀, májèlé tó ń ti ara ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lára oúnjẹ tí kò gbẹ dénú. Gbígbọ̀n ọ́n nù tàbí yíyan án kò mú un kúrò. Ẹ̀gúsí Nàìjíríà ti wà rí lára àwọn ọjà tí Yúróòpù ní kí wọ́n máa yẹ ìdajì gbogbo ẹrù rẹ̀ tó bá dé wò ní èbúté. Ẹrù tí wọ́n bá dá dúró fún àyẹ̀wò, ẹni tó ni ín ló ń sanwó àyẹ̀wò, ló ń sanwó ibi tó wà. Bí ó bá kùnà, ẹ̀yin lẹ máa sanwó tí wọ́n fi máa dáná sun ún tàbí tí wọ́n fi máa gbé e padà wálé. DCTS kò bá yín dá sí ìyẹn.

Mi ò sọ pé owó ibodè kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ bi àwọn tó ń lọ kòkó. Kóró kòkó wa ń wọ Yúróòpù láìsan kọ́bọ̀, àmọ́ tí a bá lọ̀ ọ́ nílé tí a sọ ọ́ di bọ́tà kòkó, ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Ghana àti Ivory Coast kì í san án nítorí pé wọ́n ti bá Yúróòpù ṣe àdéhùn tiwọn, Nàìjíríà kò sì tíì fọwọ́ sí irú rẹ̀. Ohun tó ń dun àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lọ kòkó nílẹ̀ wa nìyẹn, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Ẹ̀yin kọ́ ló kàn.

Ọ̀rọ̀ Kutọnu, kíá ni màá sọ ọ́: ẹ sá fún un. Ẹ̀wà tó hù ní Borno kì í di ọmọ Benin nítorí pé ó sun oru kan ní Kutọnu. Tí ẹ bá kọ ọ́ sórí ìwé pé Benin ló ti wá, ìwé èké ni, orúkọ yín àti ti àbúrò yín ló máa wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti bọ̀dá. Bó bá jẹ́ Kutọnu gan-an lẹ ti fẹ́ tà á ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀. Lábẹ́ ètò ECOWAS, irè oko tí a kò tíì fi ẹ̀rọ sọ di nǹkan mìíràn kò yẹ kó san owó ibodè láàárín wa, mo sì máa ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n ti ibẹ̀ kọ́ṣẹ́.

Ìrànwọ́ tó lè wúlò fún yín nínú gbogbo àjọṣe àgbáyé yìí, òun ni èyí tí kì í dún lórí rédíò. Ní ìpàdé WTO ní Hong Kong lọ́dún 2005, wọ́n gbà pé yíyọ owó ibodè nìkan kò tó, pé ó yẹ kí wọ́n tún ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ láti ní ilé àyẹ̀wò, ọ̀nà, èbúté àti ìmọ̀. Àjọ STDF, tí WTO, FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé), Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Báńkì Àgbáyé wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ti bá NEPC tiwa, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkó ọjà lọ sókè òkun, ṣiṣẹ́ lórí oògùn inú ẹ̀wà àti yànmọ̀tí, èyí tí òyìnbó ń pè ní sesame. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ yẹn, ní Ìbàdàn yín, wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko àgbàdo àti ẹ̀pà kí aflatoxin má bàa gbilẹ̀.

Àpò PICS tún wà, òun ni mo fẹ́ kí ẹ fi lára owó yẹn rà. Ilẹ̀ Cameroon ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, torí ẹ̀wà gan-an ni. Ọ̀rá méjì tó nípọn ló wà nínú, àpò híhun kan wà níta. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rá náà bóyá ó lu. Ẹ da ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, ẹ ká a wálẹ̀, ẹ so ó le. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rá kejì, kí ẹ tó wá so àpò ìta. Kòkòrò inú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, kò sì ní lè jẹ, kò ní lè bí sí i. Ẹ má máa tú u wò lójoojúmọ́. Ẹ̀wà tó bá ṣì tutù kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, ó máa hù ni.

Ẹ fi sọ́kàn pé PICS kì í yọ oògùn tó ti wà lára ẹ̀wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ra ọjà tí wọ́n ti fín láti Dawanau ní Kánò, àpò kankan kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ wá àgbẹ̀ tí ẹ mọ̀, kí ẹ ra tiwọn ní kété tí wọ́n bá ti pa á.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun fún London, kí àbúrò yín kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní èbúté tí ẹrù máa gbà wọlé, ní kíkọ sílẹ̀, bóyá wọ́n ń gba ẹ̀wà Nàìjíríà àti irú àyẹ̀wò tí wọ́n fẹ́ lórí ẹ̀gúsí. Ìlú Ọba ti kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ òfin oúnjẹ wọn ṣì jẹ́ èyí tí wọ́n jogún níbẹ̀. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní NEPC, ẹ bá báńkì yín sọ̀rọ̀ nípa fọ́ọ̀mù NXP tí wọ́n ń kọ fún ọjà tó ń lọ sókè òkun, ẹ lọ bá NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ irè oko wò, fún ìwé-ẹ̀rí pé irè oko náà mọ́. Ilé àyẹ̀wò tí ẹni tó ń gbà á lọ́hùn-ún bá gbà ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ bu díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ àpò, láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́ kan láti inú àpò tó dára jù. Mo rí àwọn tó ń ṣe ìyẹn, ara wọn ni wọ́n ń tàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìdáhùn mi yìí lọ bá aṣọ́bodè jà. Mi ò rí ọjà yín, èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, àwọn òfin yìí sì máa ń yí padà láìkéde fún ẹnikẹ́ni ní Bódìjà.

Ní ti èlùbọ́, òun ni mo rò pé kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bí iṣu rẹ̀ bá gbẹ tó ń ró ko-ko kí ẹ tó lọ̀ ọ́, tí wọn ò sì fi oògùn kankan pa á mọ́. Ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ NAFDAC. Orúkọ ọjà, ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó máa kọjá àkókò àti àdírẹ́sì ẹni tó gbà á wọlé ní ìlú Ọba gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀rá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi díẹ̀ dán an wò ná. Bí bọ̀dá bá tún pè yín, ẹ ní kó fi ojú ìwé ìjọba ìlú Ọba tí wọ́n ti ń bèèrè ₦350,000 yẹn hàn yín.