Ìbéèrè àti ìdáhùn: Ìwé gírámà wo ni mo lè rà fún àwọn ọmọ JSS 2 kí wọ́n lè mọ àròkọ alárìíyànjiyàn kọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. JSS 2 ni mò ń kọ́ ní English. A ti dé orí àròkọ alárìíyànjiyàn, mo ti ní kí wọ́n há ìkíni dìbéètì sórí, wọ́n mọ̀ ọ́n bí orin, àmọ́ tí wọ́n bá ti kí alága tán, ó parí. Ìwé gírámà wo ni mo lè rà fún wọn? Ẹnìkan ń ta PDF kan lórí WhatsApp, ₦2,000.

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ fi ẹgbẹ̀rún méjì yín ra ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ PDF yìí ti ń bí mi nínú, torí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí. Kì í ṣe gírámà ló tán lẹ́nu àwọn ọmọ yín o, wọn ò ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni. Ẹ ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn, ẹ ò tíì bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe nínú ilé.

Ìkíni yẹn gan-an, ti dìbéètì nìkan ni. Tí ìbéèrè bá ní kí ọmọ kọ àròkọ náà fún ìwé ìròyìn, tó wá ń kí Mr. Chairman àti timekeeper, alága wo ló wà nínú ìwé ìròyìn?

Ohun tí àwọn onígírámà rí dìmú ni pé nínú máàkì 50 tí WAEC ń fún àròkọ, Expression ní 20, Content (ohun tí o sọ) 10, Organization (bí o ṣe tò ó) 10, Mechanical Accuracy (àṣìṣe gírámà, sípẹ́lì àti àmì) 10. Wọ́n rí 20 yẹn, wọ́n ní ahá, gírámà ni! Irọ́ ni. Expression ni pé kí ọ̀rọ̀ bá ibi tí o fi í sí mu, kó sì yé ẹni tó ń kà á. Ọmọ tó kọ ọ̀rọ̀ ńláńlá tí òun fúnra ẹ̀ ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti ń pàdánù máàkì. (Àwọn tiyín ò tíì dé WAEC ṣá, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń máàkì ti JSS 2, ẹ bi HOD (olórí ẹ̀ka) yín kí wọ́n má lọ sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é.)

Lọ́dọ̀ tèmi, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ń mú bírò. Mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé ó yẹ kí ọmọ máa mú fóònù wá sílé ìwé, mo ní kí wọ́n jà á, lédè Yorùbá o, tí wọ́n bá ní fanakúlà léèwọ̀ níbi tiyín, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ọmọ kan ní fóònù dára. Mo ní torí kí ni? Ó ní ó wúlò. Torí kí ni? Títí ó fi sọ pé lọ́jọ́ kan òjò dá àwọn dúró di aago márùn-ún, màmá òun ti ń wá òun káàkiri ọjà. Ẹ̀rí nìyẹn! "Ó wúlò" kì í ṣe ẹ̀rí, "ó dára" náà ló tún sọ.

Ni ọmọ kan láti ẹ̀yìn bá ní, ṣebí fóònù wà ní ọ́fíìsì. Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, ọmọ tó bá kọ ẹjọ́ tiẹ̀ nìkan kò tíì jiyàn, ẹnu lásán ló ń yà. Ọmọ àkọ́kọ́ ronú ronú, ó ní ọ́fíìsì ti máa ń tì ní aago mẹ́ta. Mo ní ó yá, mú bírò: ohun tí o dúró lé, ìdí ẹ̀, ẹ̀rí ẹ̀, ohun tí ẹni tó ń bá ọ jiyàn á sọ, èsì tìẹ. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Tí ìyẹn bá ti dúró dáadáa, ẹ tó sọ pé kó di mẹ́ta.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi "àgbẹ̀ àti olùkọ́, ta ló dára jù" sílẹ̀. Èmi náà kọ ọ́ ní kékeré, mo gbè lẹ́yìn àgbẹ̀ gan-an ni, mi ò tíì di ọkọ́ mú rí. Ohun tó ń dùn wọ́n ni kí ẹ fún wọn, irun gígẹ̀, lẹ́sìnnì ọjọ́ Sátidé, oúnjẹ tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì.

Tí ẹ bá ti sanwó PDF yẹn, ẹ bi ẹni tó tà á bóyá á dá owó yín padà. Mi ò ṣèlérí o.