Ọmọ Ọdún 19 Ní Las Vegas: Ẹ̀yin Béèrè, Èmi Dáhùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Lóṣù tó ń bọ̀, gbogbo ilé wa fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́rin ní Las Vegas. Àwọn ìbejì jẹ́ ọmọ ọdún 12, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ti pé 19. Bàbá wọn ní òun máa fún un ní ogún dọ́là kó fi dán ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ wò, pé nílé ní Nàìjíríà, ẹni ọdún 18 ti lè ta tẹ́tẹ́, àti pé bí òun bá ti dúró tì í, kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọn ò ní lé wọn jáde nínú hòtẹ́ẹ̀lì? — Ìyá Ìbejì, Houston

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá wọn kí wọ́n má dán an wò. Ọdún 21 ni òfin ìpínlẹ̀ Nevada sọ, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ káàdì, ì báà jẹ́ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ọdún 18 tí wọ́n sọ, ti ilé nìyẹn, kò bá yín wọ bàálù. Bí bàbá dúró ti ọmọ, bí ìyá dúró tì í, ọ̀kan náà ni lójú òfin.

Ọdún 11 ni mo fi pín káàdì nínú ilé tẹ́tẹ́ kan lórí Strip, òpópónà tí àwọn ilé tẹ́tẹ́ ńlá Las Vegas wà, ohun tí mo fojú mi rí ni mo ń sọ. Lálẹ́ Sátidé kan, iná orí ẹ̀rọ kan tí kò jìnnà sí tábìlì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ọmọkùnrin kan fò sókè, ó dì mọ́ ìyá ẹ̀. Bí owó ńlá bá já, ẹ̀rọ náà á ti ara ẹ̀ pa, òṣìṣẹ́ ló máa wá san án lọ́wọ́, ìwé ìdánimọ̀ ló sì máa kọ́kọ́ béèrè. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ náà pé 21. Ìyá ẹ̀ ní òun lòun tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n lọ wo kámẹ́rà lókè, wọ́n padà dé, wọn ò san kọ́bọ̀. Mi ò gbàgbé bí obìnrin yẹn ṣe mú ìwé ìwakọ̀ ọmọ ẹ̀ dání, tó ń fi àtàǹpàkò nu ọjọ́ ìbí tó wà lára ẹ̀, bí ẹni pé ó máa pa rẹ́.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Owó tí ọmọ bá fi sínú ẹ̀rọ ti wọlé, kò sẹ́ni tó máa dá a padà fún un. Èyí tó bá jẹ ni òfin máa ní kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni pẹ̀lú, ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn tó tó 1,000 dọ́là fún un, tàbí kó fi í sẹ́wọ̀n tó tó oṣù mẹ́fà. Bó bá wá gbé ìwé ayédèrú lọ, ẹjọ́ mìíràn ti yọ sórí ìyẹn. Ọmọ ọdún 19 tó ń wá iṣẹ́ nílùú yìí kò nílò àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ti àwọn ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, ẹ ò lè dé ibi oúnjẹ tàbí ẹnu lífìtì láìkọjá láàárín àwọn ẹ̀rọ. Ọmọdé lè kọjá, wọn ò kàn gbọ́dọ̀ dúró ni. Kódà kí wọ́n dúró sẹ́yìn bàbá wọn tó ń ta tẹ́tẹ́ láti wòran, ẹ̀ṣọ́ máa wá bá yín. Ẹ̀gbọ́n wọn náà wà nínú òfin yìí o. Lọ́pọ̀ ibẹ̀, òkúta dídán ni ojú ọ̀nà, kápẹ́ẹ̀tì ni ibi tẹ́tẹ́. Ẹ sọ fún wọn kí ẹsẹ̀ wọn má kúrò lórí òkúta. Láti pápákọ̀ òfuurufú Harry Reid ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ wà níbi tí èrò ti ń dúró de bàálù. Lálẹ́ Jímọ̀ọ́ àti Sátidé, tí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, ẹ má jẹ́ kí àwọn ìbejì dá nìkan rìn lórí Strip.

Bàbá wọn lè ní kó ra lọ́tìrì nígbà náà. Ó máa yà yín lẹ́nu pé kò sí lọ́tìrì ìjọba ní Nevada, ìlú tẹ́tẹ́ gan-an! Ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà ni kò gbà á. Bí owó lọ́tìrì Powerball bá ti ga, èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń wakọ̀ gba Primm lọ, lẹ́nu ààlà, ká fi ẹsẹ̀ kan wọ California, ká tò sórí ìlà nínú oòrùn. Ní California, ẹni ọdún 18 lè ra lọ́tìrì. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi ogún dọ́là yẹn ra epo, kẹ́ ẹ gbé àwọn ọmọ lọ wo Hoover Dam, ìdídò ńlá nì. Omi tó ń jó níwájú hòtẹ́ẹ̀lì Bellagio, ọ̀fẹ́ ni.

ÌBÉÈRÈ: Mò ń bọ̀ ní Las Vegas fún ìpàdé àwọn oníṣòwò. Tí mo bá jẹ owó, èló ni ìjọba máa yọ? Kí ni mo sì gbọ́dọ̀ mọ̀ nídìí tábìlì? — Alàgbà kan, Bódìjà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ káàárọ̀, sà. Bí owó ńlá bá já fún yín lórí ẹ̀rọ, wọ́n máa yọ owó orí 30 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó kó ìyókù fún yín, torí àlejò ni yín, Nàìjíríà kò sì ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Wọn kì í yọ ọ́ lórí blackjack àti baccarat tí wọ́n ń fi káàdì ta, craps tí wọ́n ń fi ọmọ ayò dáìsì ta, àti rúlẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àgbá tí wọ́n ń yí kí bọ́ọ̀lù kékeré kan bọ́ sínú ihò tó ní nọ́ńbà. Ẹ má torí ẹ̀ sáré lọ sídìí rúlẹ́ẹ̀tì o. Ihò 38 ló wà lára èyí tó ní òdo méjì, bí nọ́ńbà yín bá sì jáde, ìlọ́po 35 ni wọ́n máa san. Ibi ìyàtọ̀ yẹn ni ilé tẹ́tẹ́ ti ń jẹun. Elódo mẹ́ta tún wà báyìí, ẹ sá fún un.

Nídìí tábìlì, àwọn àgbà wa máa ń fi ọwọ́ méjèèjì na owó sí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àyà mi á já, torí a ò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Orí tábìlì ni kẹ́ ẹ gbé e lé, kí kámẹ́rà rí i. Kí n tó fi tábìlì sílẹ̀, èmi náà á pàtẹ́wọ́, màá yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè kí wọ́n rí i pé òfo ni. Ẹ fi fóònù sápò.

Bí wọ́n bá fẹ́ yá yín lówó lórí ìwé tí wọ́n ń pè ní marker, ẹ má fọwọ́ sí i. Bí sọ̀wédowó ni òfin Nevada ṣe kà á: bí owó kò bá sí ní báńkì yín lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ, ó lè di ẹjọ́ ọ̀daràn, kì í ṣe gbèsè lásán. Kẹ́ ẹ sì mú páásípọ́ọ̀tù gan-an dání. Fọ́tò ẹ̀ nínú fóònù kò tó, bí irun yín tilẹ̀ funfun bí òwú.