PCV dáa, wọ́n tún ní kí ẹ wá ẹ̀jẹ̀ páìǹtì mẹ́fà: kì í ṣe wàyó o

Brọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni, Ọlọ́run á fún àbúrò yín ní àlàáfíà. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ pé mọ́tò gbá a ní Nyanya lálẹ́ àná, pé ó ń sọ̀rọ̀, ó dá yín mọ̀, PCV ẹ̀ (àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó) jẹ́ 36, síbẹ̀ dókítà ní kẹ́ ẹ lọ wá ẹ̀jẹ̀ páìǹtì mẹ́fà kíá kíá, ẹ wá ń bi wá pé ṣé kì í ṣe wàyó ni wọ́n fẹ́ fi gbowó yín. Nọ́ọ̀sì ni mí, kásúátì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ti dé Abuja yìí, ọ̀nà Lokoja àti ọ̀nà Kaduna ló ń kó èèyàn wá bá wa jù, torí náà ẹ jẹ́ n sọ ohun tá a máa ń wò ká tó mọ ẹni tó máa gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀.

PCV yẹn, ẹ kọ́kọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Tẹ́ ẹ bá da ìdajì ìkòkò ọbẹ̀ nù, èyí tó kù nísàlẹ̀ ò ní torí ẹ̀ ṣàn, bó ṣe ki tẹ́lẹ̀ náà ló máa ki, àfi tẹ́ ẹ bá bu omi sí i. PCV kì í sọ bí ẹ̀jẹ̀ tó kù lára ṣe pọ̀ tó, bó ṣe ki ló ń sọ. Ó máa tó wákàtí mélòó kan, ìgbà tí ara bá ti fa omi wọnú iṣan tàbí tá a ti fa drip sí i, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo ti rí PCV 38 nínú fáìlì ẹni tí wọ́n ṣí ikùn ẹ̀ ní tíátà tí ẹ̀jẹ̀ sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

BP náà ń tan èèyàn jẹ, pàápàá lára ọ̀dọ́. Àgbàlagbà tó wọ̀n tó kílò 70 ní ẹ̀jẹ̀ bíi lítà 5, ìyẹn bíi àpò (páìǹtì) 11 tó bá jẹ́ àpò 450 ml tá à ń lò. Ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára lè pàdánù bíi lítà kan àtààbọ̀ kí BP ẹ̀ tó wálẹ̀ dáadáa, torí iṣan ẹ̀ á fún, ọkàn á máa sáré, ara á máa gbìyànjú, á ṣì máa dá yín lóhùn. Ìgbà tí BP bá wá já, kò sí àyè eré mọ́.

Èyí tí èmi ń wò jù ni pulse (iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan) pẹ̀lú BP lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú pulse, ẹ fi nọ́ńbà òkè BP pín in, shock index ni wọ́n ń pè é, kò gba ẹ̀rọ kankan, fóònù yín lè ṣe é. Ẹni tí nǹkan ò ṣe, 0.5 sí 0.7 ló máa ń jẹ́. Tó bá ti ń sún mọ́ 1 èmi ti ń pe lábù nìyẹn, tó bá kọjá 1 mi ò tún dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí BP ẹ̀ jẹ́ 110 tí pulse ẹ̀ jẹ́ 125, mọ̀lẹ́bí á gbọ́ 110 wọ́n á ní ó dáa, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní 1.1. Ẹ lọ wo ṣáàtì àbúrò yín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀.

Àwọn dókítà ní ìṣirò tiwọn náà. ABC score wà, Amẹ́ríkà ló ti jáde ní 2009, ohun mẹ́rin péré ló ń béèrè: ṣé ọta ìbọn tàbí ọ̀bẹ ló wọlé sára ẹ̀, ṣé BP òkè jẹ́ 90 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ṣé pulse tó 120 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣé skáànù kíá tí wọ́n ń ṣe síkùn, FAST, rí ẹ̀jẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wà. Máàkì kan kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ní méjì, kí lábù máa gbéra. Àwọn ará Jámánì náà ní tiwọn, TASH, 2006, ìyẹn ń wo egungun ìbàdí àti itan tó bá kán, hemoglobin (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀), àti base excess (tó ń sọ bóyá ásíìdì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀) tó fẹ́ ẹ̀rọ blood gas, ẹ̀rọ tó jẹ́ pé tó bá ṣiṣẹ́ lónìí, wọ́n á ní reagent, kẹ́míkà tó ń lò, ti tán lọ́la. Ẹ má jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn jàre.

Ibi tí mo ti ń bá ABC jà rèé. Máàkì kan nínú mẹ́rin ìbọn àti ọ̀bẹ ló ni ín. Ó wúlò fún wa lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó àwọn tí ajínigbé yìnbọn fún dé (òfin 2017 sì ti sọ pé kí ilé ìwòsàn tọ́jú ẹni tó fara gbọta láìdúró de ìwé ọlọ́pàá, ẹ fi sọ́kàn), ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù tá à ń gbà, mọ́tò ni, ọ̀kadà ni, trélà ni. Ẹ wá mú ẹni tí mọ́tò gbá bíi ti àbúrò yín, pulse 130, BP 100, aago méjì òru, ẹni tó mọ FAST ṣe ò sí níbẹ̀. Máàkì kan péré ló máa ní, ABC á ní kò sí wàhálà, shock index á ní 1.3! Èwo lẹ fẹ́ gbà gbọ́? Èmi mọ èyí tí mo gbà gbọ́. Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, gbogbo ìṣirò wọ̀nyí ń bẹ̀rù jù, wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tá a bá múra sílẹ̀ fún ò ní gba ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ fún àbúrò yín, kó gba páìǹtì méjì kó dìde. Mo gbà bẹ́ẹ̀ ju kí á máa wá ẹ̀jẹ̀ kiri nígbà tí ojú ẹ̀ ti funfun.

Torí pé àsìkò gan-an lọ̀rọ̀. Ìwé máa ń sọ pé páìǹtì 10 láàárín wákàtí 24 ni fífa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ máa pa, wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń pa á, kò ní dúró kẹ́ ẹ ka páìǹtì dé 10. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbé wá, wọ́n máa mọ group ẹ̀, wọ́n máa cross-match (kí wọ́n wò ó bóyá ó bá ti àbúrò yín mu), wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV, hepatitis B, hepatitis C àti syphilis, wákàtí kan lè kọjá lọ lórí ìyẹn nìkan, ká má tíì sọ̀rọ̀ ẹni tẹ́ ẹ ṣì ń pè ní Kubwa tó ní òun ò rí mọ́tò. Ìdí tí dókítà fi sọ̀rọ̀ kí èsì tó jáde nìyẹn.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń sá pamọ́ sí náà ṣe pàtàkì. Orí tó là tí ẹ̀jẹ̀ bo ojú, tí gbogbo ẹbí ń sunkún lé lórí, ìyẹn kọ́ ló sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀ jù. Àyà, ikùn, ìbàdí, itan, ibẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ń lọ láìsí ẹni tó rí i, itan kan tó kán lè gba lítà kan àtààbọ̀ sínú, ìbàdí tó là lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó tutù, tó ń làágùn, tí ara ẹ̀ ò balẹ̀, tó ń pariwo “ruwa, ruwa” (omi, omi lédè Hausa) ṣáá, kì í ṣe òùngbẹ lásán o. Àwọn àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tún yàtọ̀, atenolol kì í jẹ́ kí pulse sáré, BP 110 lára bàbá tó máa ń jẹ́ 170 nílé, jàǹbá ni.

Èyí tó ṣeé fọkàn tán jù, lójú tèmi, ni bí ara ṣe dáhùn sí drip àkọ́kọ́. BP tó gòkè, tó dúró, ẹ dúpẹ́. Èyí tó gòkè tó tún já lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà níbì kan nìyẹn, tíátà àti ẹ̀jẹ̀ ló kù, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ pé ká so drip mìíràn. Àwọn tí wọ́n ti gbà sí ilé ìwòsàn kékeré lójú ọ̀nà kí wọ́n tó gbé wọn wá, wọ́n á ti da drip sí wọn lára lítà mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ tó kù ti ṣàn kò lè dì mọ́, tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ tí wọ́n gbé e sẹ́yìn Hilux láìfi nǹkan bò ó, òtútù á tún pa á pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó tutù kì í dì dáadáa. Aṣọ ìbora ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, wọ́n á ní nọ́ọ̀sì yìí ti dé.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti fún un ní tranexamic acid, oògùn tó ń bá wa dá ẹ̀jẹ̀ tó ń dà dúró. Wọ́n dán an wò lára èèyàn tó lé ní 20,000 ní orílẹ̀-èdè 40, Nàìjíríà wà níbẹ̀, èsì jáde ní 2010, ó dín ikú kù, kò sì wọ́n bíi páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kan. Gírámù kan láàárín ìṣẹ́jú 10, gírámù kan sí i láàárín wákàtí 8. Ṣùgbọ́n kó tó pé wákàtí mẹ́ta tó fara pa ni o, lẹ́yìn ìyẹn ó lè ṣe é léṣe. Tí àsìkò yẹn bá ti kọjá fún àbúrò yín, ẹ má bá wọn jà lórí ẹ̀.

Lórí owó: ẹ gba rìsíìtì. Páìǹtì tí kò bá jáde kúrò nínú fìríìjì lábù kì í bàjẹ́ lọ́la, ó lè lò tó ọjọ́ 35, torí náà ẹ béèrè ní lábù fúnra yín èwo ni wọ́n lò, èwo ló kù, àti ohun tí wọ́n máa ń ṣe lórí owó ẹ̀. Ẹ má ra lọ́wọ́ àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì o. Group O ló pọ̀ jù láàárín wa, tẹ́ ẹ bá pe ará ilé àti ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí mẹ́jọ, ẹ máa rí, kí wọ́n jẹun kí wọ́n mumi kí wọ́n tó wá. Tí wọ́n bá gbé e wọ tíátà, kí gbogbo yín má kó jọ sẹ́nu ọ̀nà tíátà, kí ẹnì kan dúró lẹ́nu lábù pẹ̀lú fóònù tó ní chájì, torí ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì máa sáré wá.